Títí Dìgbà Wo?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà tí à ń kà lára ògiri lójoojúmọ́: "temporarily". Ìwé atúmọ̀ èdè ní "fún ìgbà díẹ̀" ni, ó parí. Ìbéèrè tèmi ni pé, ẹni tó sọ ọ́, ṣé ó ṣèlérí àbí kò ṣèlérí?

Àwa náà ní ọ̀rọ̀ kékeré kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí: "ná". "Dúró ná." "Jẹ́ n jẹun ná." Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ní nǹkan tó fẹ́ ṣe lẹ́yìn náà, ẹ̀yin náà sì mọ̀. Bó bá jẹun tán tí kò dá yín lóhùn, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bi í. "Temporarily" ò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní nǹkan yóò dópin, kò sọ ìgbà, kò sì sọ ẹni tí yóò fòpin sí i.

Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ ọdún 1971, Ààrẹ Nixon ilẹ̀ Amẹ́ríkà lo ọ̀rọ̀ yìí gan-an nígbà tó dá pípààrọ̀ dọ́là sí góòlù dúró. Títí dòní, wọn ò dá a padà. Ta ló lè mú un? Kò kúkú dá ọjọ́.

Ẹ wá wo Yunifásítì Ifẹ̀. Ìlú Ìbàdàn ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1962, lórí ilẹ̀ ìgbà díẹ̀. Ó lé lọ́dún mẹ́rin kí wọ́n tó kó lọ sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1967. Ọdún mẹ́rin kì í ṣe díẹ̀ o! Ṣùgbọ́n irọ́ kọ́, torí pé ilé ń gòkè ní Ifẹ̀ lákòókò yẹn. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé kì í ṣe gígùn ọjọ́ la fi ń wọn ọ̀rọ̀ yìí. Ohun tí à ń ṣe lọ́wọ́ la fi ń wọ̀n ọ́n.

Àwa ará agbègbè Eko-Ende, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀tìn fún omi ẹ̀rọ, mọ ìyàtọ̀ yìí. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́, tí a rí àwọn tó ń walẹ̀ tún páìpù ṣe, a ó gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí kànga láìbínú. Bí a ò bá rí ẹnikẹ́ni, a ti mọ̀ pé kànga ti di tiwa nìyẹn.

Ìyá mi ṣe iṣẹ́ "ìgbà díẹ̀" níbì kan fún ọdún mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ, wọn ò fún un ní kọ́bọ̀, wọ́n ní kì í ṣe òṣìṣẹ́ gidi. Ta ni ọ̀rọ̀ náà ṣe láǹfààní? Ẹni tó sọ ọ́. Ta ló sanwó rẹ̀? Ẹni tó ń dúró.

Ẹnì kan lè ní ayé lọjà, ọ̀run nilé, kí ni kì í ṣe fún ìgbà díẹ̀? Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọjà ní ọjọ́ tirẹ̀, oníṣòwò sì mọ ìgbà tí yóò palẹ̀ ẹrù mọ́. Ẹni tí wọn ò jẹ́ kó mọ̀ ọ́n ni wọ́n rẹ́ jẹ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ "temporarily" fún yín, ẹ má kàn bi í pé ìgbà wo. Ẹ bi í pé kí ló ń ṣe lọ́wọ́. Ẹni tó bá sì yá ìwé ọ̀rẹ́ rẹ̀ "fún ìgbà díẹ̀" láti sáà tó kọjá, ìbéèrè yìí kàn án o.