Ètè Ló Là, Orí Kò Fọ́

Ní ọjọ́ kẹta tí ọmọ bá dáyé ni àwọn bàbá wa máa ń gbé e lọ síwájú Ifá fún àkọsẹ̀jayé, kí wọ́n lè mọ irú ẹsẹ̀ tó gbé wáyé. Ìyá mìíràn á débẹ̀, á fi aṣọ bo ojú ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá ṣí aṣọ náà, wọ́n á rí i pé ètè òkè ọmọ là wọ ihò imú. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, ìyá á ti béèrè pé: “Bàbá, ta ni mo ṣẹ̀?” Àwọn ará ilé ti fún un ní èsì tiwọn kó tó kúrò nílé. Àwọn kan ní ó rìn nínú oòrùn ọ̀sán gangan nígbà tó lóyún. Àwọn kan ní ọwọ́ ayé ni. Àwọn tó kù mi orí, wọ́n ní orí ọmọ náà ni kò sunwọ̀n.

Ọ̀rọ̀ orí tí wọ́n fà yọ yìí ni mo fẹ́ kí á gbé lọ sínú odù Ifá tí à ń pè ní Ògúndá Méjì.

Ifá sọ ìtàn ọ̀rẹ́ mẹ́ta níbẹ̀: Oríseékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bọ̀ wáyé, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yan orí nílé Àjàlá amọrí. Àwọn méjì kò yà síbì kankan. Wọn kò bá Àjàlá nílé, wọ́n bá fi ojú ara wọn yan orí tó tóbi, tó sì dára ní wíwò, láìmọ̀ pé ó ti fọ́. Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà lọ bá baba rẹ̀. Wọ́n dá Ifá fún un, wọ́n ní kó fi iyọ̀ àti owó ẹyọ rúbọ, kó sì mú nínú rẹ̀ dání lọ. Ó rúbọ. Ó bá oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un ní iyọ̀. Oníbodè ló mú un dé ọ̀dọ̀ Àjàlá, tó sá gun àjà nítorí gbèsè. Afùwàpẹ́ san ẹgbàafà (12,000) owó ẹyọ tí Àjàlá jẹ. Àjàlá sọ̀ kalẹ̀, ó fi ọ̀pá irin dán àwọn orí wò, ó sì fún un ní èyí tó gbó. Òjò rọ̀ lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórí lójú ọ̀nà. Ti àwọn méjì ṣí dànù, ti Afùwàpẹ́ kò yingin.

Ẹ jẹ́ kí á fara balẹ̀ wo ìtàn yìí. Ojú ló tan àwọn méjì àkọ́kọ́. Àjàlá fúnra rẹ̀, tó mọ orí, kò fi ojú lásán mọ èyí tó dára, àfi ìgbà tó kàn án lọ́pàá. Bí amọrí kò bá lè fi ojú mọ̀ ọ́n, ta ni ará ilé tó wo ètè ọmọ ọjọ́ mẹ́ta, tó sọ pé orí rẹ̀ kò dára? Orí inú ni a yàn nílé Àjàlá. Imú, ojú àti ètè wà lọ́wọ́ Ọbàtálá, ẹni tí ara rẹ̀ bá sì yàtọ̀, ẹni òrìṣà ni à ń pè é, èèwọ̀ sì ni láti fi í ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn bàbá wa rí ọmọ tó ní ìka mẹ́fà, wọ́n sọ ọ́ ní Olúgbódi. Wọ́n rí èyí tó dojú délẹ̀ wáyé, wọ́n sọ ọ́ ní Àjàyí, wọ́n sì fún un ní oríkì. Wọn kò bo ojú ọmọ kankan.

Ohun tí ìmọ̀ ìṣègùn sọ kò tako èyí. Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹrin sí ìkeje oyún ni ẹran ojú ọmọ máa ń wá pàdé láti di ètè. Bí wọn kò bá pàdé tán, ètè á là. Nígbà yẹn, ọ̀pọ̀ obìnrin kò tíì mọ̀ pé òun lóyún. Nínú nǹkan bí ọmọ 700 tí wọ́n ń bí láyé, a máa ń rí ọ̀kan tí ètè tàbí àjà ẹnu rẹ̀ là. Oòrùn ọ̀sán kọ́ ló fà á.

Ẹ̀kọ́ kejì nínú ìtàn náà ni pé Afùwàpẹ́ béèrè, ó sì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Bí Ifá bá sọ̀rọ̀ tán, ẹbọ ló kù. Ẹni tó ní “kádàrá ni”, tó wá jókòó, kò tíì gbọ́ Ifá dé ìdí.

Iyọ̀ ni Afùwàpẹ́ kọ́kọ́ fi tọrẹ, ẹnu sì ni iyọ̀ wà fún. Ẹnu ọmọ náà ni kí á kọ́kọ́ tọ́jú. Ọmọ tí àjà ẹnu rẹ̀ là kò lè fa ọyàn dáadáa, wàrà á máa gba imú rẹ̀ jáde. Kí ìyá fún ọyàn sínú ife tó mọ́, kó gbé ọmọ nàró, kó máa fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Ètè tó là kì í pa ọmọ, ebi ló ń pa á, àwa a sì sọ pé àbíkú ni.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ abẹ. Wọ́n ń ṣe é ní ilé ìwòsàn UCH n'Ìbàdàn, ní ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà l'Ékòó, àti ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ n'Ílé-Ifẹ̀. Àjọ Smile Train, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1999, ń san owó iṣẹ́ abẹ yìí fún ọ̀pọ̀ ẹbí ní Nàìjíríà. Bí ọmọ bá tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta, tó sì sanra tó, wọ́n á rán ètè. Láàárín oṣù mẹ́sàn-án sí méjìdínlógún, wọ́n á rán àjà ẹnu. Lẹ́yìn náà, ó lè ku ìtọ́jú eyín àti etí, àti kíkọ́ ọmọ kí ohùn rẹ̀ má baà máa gba imú jáde. Ọ̀nà náà jìn, bí ọ̀nà ilé Àjàlá ṣe jìn. Òbí tó ń pààrà ọsibítù ń rúbọ lọ́wọ́.

Àpá á kù, nítorí àpá ò lè jọ ara. Ṣùgbọ́n àwa tí àwọn bàbá wa kọ àbàjà àti gọ̀ǹbọ́ mọ̀ pé àpá ojú kì í ṣe ìtìjú. Kí òbí sọ ìtàn àpá náà fún ọmọ fúnra rẹ̀, kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níléèwé tó fi bú u.

Òjò kò yọ Afùwàpẹ́ sílẹ̀. Ó rọ̀ lé e lórí bíi ti àwọn yòókù. Ojú tí ayé ń wò àti ẹ̀rín tí wọ́n ń rín ni òjò tó ń pa àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ má ṣe kún òjò náà. Bí ẹ bá rí ìyá tó bo ojú ọmọ rẹ̀, ẹ má béèrè ẹni tó ṣẹ̀. Ẹ júwe ọsibítù fún un, ẹ bá a lọ bí ẹ bá lè lọ, kí ẹ sì sọ fún un pé ètè ló là, orí ọmọ rẹ̀ kò fọ́.