Ìnáwó Tó Kù Lẹ́yìn Ìṣílé

Ibi kíkà: Lúùkù 14:28–30, 2 Àwọn Ọba 12:4–16



Nínú ibi kíkà wa àkọ́kọ́, Olúwa ní ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé ìṣọ́ yóò kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀, kó má baà jẹ́ pé lẹ́yìn tó bá ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, apá rẹ̀ kò ní ká ìyókù mọ́, tí àwọn tó ń wò ó yóò sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀rọ̀ jíjẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn ni Olúwa ń sọ. Ilé ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ ohun tí ilé ń gbà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ ọ, a kò ní mọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe wúwo tó. Ọ̀pọ̀ wa gbà pé ọjọ́ ìṣílé ni ìnáwó parí. Mo fẹ́ kí a rí i lónìí pé ọjọ́ yẹn ni èyí tó gùn jù nínú ìnáwó náà ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, àti pé bí àwa tó kọ́lé kò bá gbèrò rẹ̀, ẹlòmíràn ni yóò san án. Nítorí náà, ìfẹ́ sí ọmọnìkejì wà nínú ìṣirò yìí.

Àwọn tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìyàwòrán ilé àti ìmọ̀ ẹ̀rọ láàárín wa mọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ sí life cycle assessment. Àjọ ISO gbé ìlànà kan jáde fún un ní ọdún 1997, èyí tí wọ́n pè ní ISO 14040. Ohun tó ń béèrè kò ṣòro láti lóye. Níbo ni a ti wa òkúta, iyanrìn àti irin tí a fẹ́ fi kọ́lé? Kí ni a jó kí símẹ́ǹtì tó di símẹ́ǹtì? Omi, iná àti àtúnṣe wo ni ilé náà yóò máa gbà fún àádọ́ta ọdún? Ní ọjọ́ tó bá kú, níbo ni a ó kó òkú rẹ̀ sí? Símẹ́ǹtì nìkan ló ń fa nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú 100 gbogbo carbon dioxide tí ọwọ́ ènìyàn ń tú sínú afẹ́fẹ́, nítorí pé iná tí a fi ń sun òkúta ẹfun ń tú u jáde, òkúta náà fúnra rẹ̀ sì ń tú u jáde nínú iná.

Bíbélì ti ń béèrè irú ìbéèrè wọ̀nyí tipẹ́. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn lọ sí Enugu, ìlú tí àwọn kan nínú wa ti kẹ́kọ̀ọ́, tí àwọn mìíràn ti sin ilẹ̀ bàbá wọn níbẹ̀, nítorí pé ìlú náà ti fojú rí ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin.

1. Ìbẹ̀rẹ̀: ta ló wa ohun èlò náà?

Èédú ló sọ Enugu di ìlú ńlá. Ní 1909 ni àwọn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán láti wá ohun àlùmọ́ọ́nì rí èédú ní agbègbè Udi. Ní 1915 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wà á, nígbà tó sì di 1916, ojú irin ti so Enugu mọ́ Port Harcourt. Èédú yìí ni rélùwéè Nàìjíríà fi ń rìn, òun náà ni wọ́n fi ń tan iná mànàmáná. Ẹni tó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo san owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó rò pé òun ti sanwó tán. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1949, ní Iva Valley, àwọn awakùsà tó ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn lórí owó iṣẹ́ bọ́ sẹ́nu ìbọn ọlọ́pàá. Ènìyàn 21 ló kú. Iye yẹn kò sí lára tíkẹ́ẹ̀tì ẹnikẹ́ni.

Jákọ́bù kọ́ wa ní orí 5, ẹsẹ 4, pé owó ọ̀yà tí a kò san fún alágbàṣe ń ké, igbe náà sì ń dé etí Olúwa. Nítorí náà, bí ohun èlò kan bá pọ́ọ́kú ju bó ṣe yẹ lọ, Kristẹni tó fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ béèrè ẹni tó ń gbé ìyókù owó náà.

2. Ìkọ́lé: ẹni tí kò tíì dé

Deutarónómì 22:8 pàṣẹ pé kí ẹni tó bá kọ́ ilé tuntun mọ ìgbátí yí òrùlé rẹ̀ ká, kí ẹ̀jẹ̀ ẹni tó bá já bọ́ láti òkè má baà wà lórí ilé náà. Ẹ kíyè sí i pé kò tíì sí ẹni tó já bọ́. Ẹni tí òfin ń dáàbò bò lè jẹ́ ọmọ tí a kò tíì bí. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run ti ka ẹni náà mọ́ àwọn tí ọ̀rọ̀ ilé yìí kàn.

Ilé àtijọ́ ní ọ̀ọ̀dẹ̀ fífẹ̀, àjà tó ga, fèrèsé tó ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé láti ìhà kan jáde ní ìhà kejì. Lónìí a ń kọ́ ilé tí gíláàsì bò látòkè délẹ̀, tí ènìyàn kò lè mí nínú rẹ̀ bí kò bá sí ẹ̀rọ amúlétutù, tí ẹ̀rọ amúlétutù náà kò sì lè ṣiṣẹ́ láìsí jẹnẹrétọ̀. Ẹni tó ya àwòrán ilé náà gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ ń sanwó àwòrán náà lóṣooṣù.

3. Àárín: àpótí Jèhóádà

Ọdún méje ni Sólómọ́nì fi kọ́ tẹ́ńpìlì. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọjọ́ 14 ni wọ́n fi jẹ, tí wọ́n fi mu. Lẹ́yìn èyí tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ilé náà ti ń ya. Ọba Jèhóáṣì pàṣẹ pé kí àwọn àlùfáà fi owó tó ń wọlé tún un ṣe, ṣùgbọ́n títí di ọdún kẹtàlélógún ìjọba rẹ̀, wọn kò tíì tún un ṣe. Bíbélì kò pè wọ́n ní olè. Lójú tèmi, owó àtúnṣe kò ní àpótí tirẹ̀ ni. Owó tí kò bá sì ní àyè tirẹ̀, ìnáwó mìíràn ni yóò jẹ ẹ́.

Jèhóádà àlùfáà wá mú àpótí kan, ó lu ihò sí ìdérí rẹ̀, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ. Wọn kò fi owó inú rẹ̀ ṣe àwo fàdákà. Ọ̀dọ̀ káfíńtà, ọ̀mọlé àti agbẹ́kùúta ni owó náà lọ tààrà, àwọn tó ń bójú tó o sì jẹ́ olóòótọ́ débi pé a kò bi wọ́n ní ìṣirò. Ìsọjí ńlá ni èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò gbọ́ pé ẹnikẹ́ni jó tàbí fun fèrè níbẹ̀.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti pápákọ̀ òfuurufú Akanu Ibiam ní Enugu pa, nítorí pé ojú ọ̀nà tí bàálù ń sá lé ti bàjẹ́. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí bílíọ̀nù 10 náírà fún àtúnṣe. Ọjọ́ 30 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n tó ṣí i padà. Ó lé ní ọdún kan tí aláìsàn, oníṣòwò àti ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń lọ sọ̀ kalẹ̀ ní Asaba tàbí Owerri, kí wọ́n tó wá fi ọkọ̀ rin ìyókù lójú ọ̀nà. Ojú ọ̀nà bàálù kì í bàjẹ́ lóòjọ́. Ó máa ń sán díẹ̀díẹ̀, omi á wọ ibi tó sán, ibi tó sán á di ihò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ̀ ọ́.

Omi Enugu náà ń sọ ìtàn kan náà. Wọ́n ti gbé páìpù omi wá láti Ajali àti Oji, síbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọkọ̀ táńkà láti 9th Mile ni àwọn ará ìlú ń dúró dè. Ilẹ̀ tí ìlú náà jókòó lé kò rọrùn láti gbẹ́ kànga lórí rẹ̀, nítorí náà kì í ṣe gbogbo ilé ló lè dá omi tirẹ̀ wá. Páìpù wà nínú ilẹ̀, omi kò sí nínú páìpù, tálákà sì ń ra gáràwà kọ̀ọ̀kan lówó iyebíye.

4. Òpin: òkú ilé

Léfítíkù 14 sọ ohun tí a ó ṣe fún ilé tí àrùn wọ ògiri rẹ̀. Àlùfáà yóò kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, yóò tì í pa fún ọjọ́ méje, wọn yóò yọ òkúta tó bàjẹ́, wọn yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí àrùn náà bá tún padà, ìgbà náà ni wọn yóò wó o, tí wọn yóò sì ru òkúta, igi àti amọ̀ rẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ìlú, síbi tí a yà sọ́tọ̀. Àtúnṣe ló ṣáájú wíwó, àlàpà kò sì gbọdọ̀ di ẹrù aládùúgbò. Ní ti òkúta tó ṣì wúlò, ẹ rántí Nehemáyà. Sáńbálátì fi àwọn Júù ṣe ẹlẹ́yà pé òkúta àjókù inú àlàpà ni wọ́n fẹ́ sọ di ààyè. Ọjọ́ 52 ni odi náà fi parí.

Ní Enugu, iṣẹ́ ti dákẹ́ ní kòtò èédú Onyeama àti Okpara, ṣùgbọ́n omi kò dákẹ́. Nígbà tí omi àti afẹ́fẹ́ bá kan òkúta tó ní irin àti imí-ọjọ́ nínú, omi náà yóò kan bí ọsàn wẹ́wẹ́, yóò sì máa gbé irin lọ. Irú omi bẹ́ẹ̀ ń ṣàn láti Onyeama sínú odò Ekulu tó gba inú ìlú kọjá. Àwọn tó jẹ èrè èédú ti lọ. Odò ṣì ń san gbèsè wọn.

Ẹnìkan lè sọ pé, “Jésù ń bọ̀ láìpẹ́, kí ló kàn wá nínú àádọ́ta ọdún tó ń bọ̀?” Ẹ ka Jeremáyà 32. Àwọn ará Bábílónì ti yí Jerúsálẹ́mù ká nígbà tí wòlíì náà ra oko, ó sì ní kí a fi ìwé rẹ̀ sínú ìkòkò amọ̀ kí ó lè pẹ́. Ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé Ọlọ́run ni ó lè pèsè fún ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kò ní rí. Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Kristẹni sì ń da omi síwájú kí ẹlòmíràn náà lè rí ilẹ̀ tútù tẹ̀.

Ẹ̀yin aṣáájú ìdàpọ̀ wa, ọdún kan péré ni sáà yín. Ẹ má ṣe ra jẹnẹrétọ̀ tuntun nítorí kí a lè fi dá yín mọ̀, nígbà tí èyí tí ẹ bá nílẹ̀ ń fẹ́ pílọ́ọ̀gì àti ọ́ìlì. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa, a dúpẹ́ fún ilé tí ẹ kọ́ fún wa àti kànga tí ẹ gbẹ́. Bí ẹ bá tún ń dáwó jọ, ẹ gbé àpótí Jèhóádà kalẹ̀: ẹ yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ nínú gbogbo owó ìkọ́lé fún ìtọ́jú, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ohun mìíràn. Ẹ̀yin ẹnjiníà àti ayàwòrán-ilé ọ̀la, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọn yóò gbé ìwé síwájú yín pé kí ẹ fọwọ́ sí iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ pé kò ní pẹ́. Láti ìsinsìnyí ni kí ẹ ti mọ èsì tí ẹ ó fọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni jíjẹ́ ọmọ-ẹ̀yìn tí Olúwa ń sọ. Ọjọ́ tí o fi ayé rẹ fún Kristi, ìpìlẹ̀ ni a fi lélẹ̀. Gbogbo ìdàpọ̀ ló bá ọ yọ̀. Kò sí ẹni tó ń pàtẹ́wọ́ fún àdúrà àárọ̀, fún ẹ̀ṣẹ̀ tí a jẹ́wọ́ kí ó tó di ihò, fún gbèsè tí a san, fún arákùnrin tí a bẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Síbẹ̀, ibẹ̀ ni ilé ti ń dúró. Ibo ló ti sán nínú rẹ báyìí, tí omi ti ń wọ̀ ọ́?

Ẹ jẹ́ kí a gbàdúrà. Baba wa ọ̀run, ìwọ tí o ti ń ró ayé dúró láti ọjọ́ tí o ti dá a, fún wa ní ọkàn tó ń ṣírò dé òpin. Fún wa ní ọwọ́ tí kì í sú láti ṣàtúnṣe. Má jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ san gbèsè wa. Tún ibi tó ya nínú wa ṣe kí ó tó wó, nítorí Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.