Ta Ló Gbọ́ Igbe Náà?

Níbi tí wọ́n ti tọ́ wa, bí o bá dé ẹnu ọ̀nà ẹlòmíràn, "Àgò o!" lo máa kọ́kọ́ ké. Wàá dúró. Ìgbà tí onílé bá dáhùn pé "Àgò yà!" lo tó lè wọlé. Yálà Ìkàrẹ́ lo wà tàbí Ọ̀kà, ẹni tó bá ṣàdédé já wọ yàrá oníyàrá, ojú olè ni wọ́n máa fi wò ó.

Àmọ́ gbogbo wa la mọ̀ pé ìgbà kan wà tí àgò kì í sí. Bí iná bá ń jó ilé, tàbí tí ẹnì kan ń ké "Ẹ gbà mí o!" nínú ilé, kò sẹ́ni tó máa dúró síta. Ṣe ni wọ́n máa já ilẹ̀kùn. Tó bá dòwúrọ̀, kò sẹ́ni tó máa bèèrè ìdí tí ilẹ̀kùn fi já, nítorí gbogbo àdúgbò ló gbọ́ igbe náà.

Ọlọ́pàá wá ńkọ́? Ìgbà wo ló lè wọlé onílé láìsí ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́?

Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ilé ọmọ ìlú. Òfin ACJA ti 2015 ní kí ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ láti yẹ ilé wò kọ́kọ́ búra, kó sì kọ ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ òfin kan náà sọ pé bí ọlọ́pàá bá ní àṣẹ láti mú ẹnì kan, tó sì ní ìdí láti gbà gbọ́ pé onítọ̀hún wà nínú ilé kan, ó lè wọ ibẹ̀ lọ mú un. Ẹ ò rí i pé òfin àti àgò ò jìnnà síra?

Ibi tí wàhálà wà ni "ó ní ìdí". Ta ló ń yẹ ìdí náà wò?

Ẹ má rò pé a ò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílé. Àwọn ajínigbé ti dá èèyàn lọ́nà láìmọye ìgbà lójú títì Ọ̀wọ̀ sí Ìkàrẹ́. Bí wọ́n bá fi ìyá wa pamọ́ sínú ilé kan, àwa kọ́ la máa bèèrè ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá tó fẹ́ já ilẹ̀kùn ibẹ̀. Igbe nìyẹn.

Àmọ́ ẹ rántí Ilé-Ifẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ọdún 2023. Òru ni àwọn òṣìṣẹ́ EFCC wọ ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ń gbé níta ọgbà, wọ́n kó èèyàn tó lé ní 60. Wọ́n dá púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tí ariwo pọ̀, Ọlá Olúkòyédé, alága àjọ náà, ní kí wọ́n yé ṣe irú iṣẹ́ òru bẹ́ẹ̀. Lóòótọ́, EFCC kì í ṣe ọlọ́pàá, àmọ́ ilẹ̀kùn kan náà ni. Ta ló ké "Ẹ gbà mí o" lóru ọjọ́ yẹn?

Àwọn kan á ní, "Ṣé wọn ò rí ọmọ Yahoo níbẹ̀ ni?" Ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ohun tí o rí lẹ́yìn tí o wọlé kọ́ ni ìdí tí o fi wọlé. Bí bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ ìdí, kò sí yàrá kankan ní Àkùngbá, láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, tí wọn ò lè já lóru òní, kí wọ́n tó wá máa wá ẹ̀ṣẹ̀ tó máa bá a mu. Àwa tí à ń kọ sọ́fíwia lóru pẹ̀lú laptop àti jẹnẹrétọ̀ mọ̀ pé yàrá tiwa náà wà lára wọn.

Nínú iṣẹ́ wa, a máa ń fi kọ́kọ́rọ́ pàjáwìrì sílẹ̀. Bí nǹkan bá bàjẹ́ lóru, òṣìṣẹ́ lè fi wọ ibi tí kò láṣẹ láti dé, kò ní jí ọ̀gá kankan. Àmọ́ bó bá ti lò ó, ẹ̀rọ á kọ orúkọ rẹ̀ àti aago tó wọlé sílẹ̀. Tílẹ̀ bá mọ́, á ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ẹni tó wọlé kọ́ ló máa dá ara rẹ̀ láre.

Ohun tí à ń fẹ́ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àyè bá wà láti bèèrè, kí ọlọ́pàá lọ bèèrè lọ́wọ́ adájọ́. Bí àyè ò bá sí, kó wọlé, kó gba èèyàn là. Ṣùgbọ́n tílẹ̀ bá mọ́, kó lọ síwájú adájọ́ náà, kó sọ igbe tó gbọ́.