Ìkòkò Tí Kì Í Làágùn

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ jọ gbé yẹ̀ wò: bí a bá sọ ohun kan di ọlọ́lá, ǹjẹ́ ọlá náà kì í gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀? A kò ní láti rìn jìnnà kí a tó rí àpẹẹrẹ. Ní Dùgbẹ̀ àti ní ọjà Bódìjà, ní ìlú Ìbàdàn wa yìí, ojoojúmọ́ ni owó ₦20 ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí òmíràn. Láti 2007 ni àwòrán obìnrin amọ̀kòkò kan ti wà lẹ́yìn owó náà. Ọ̀pọ̀ ni ó ń ná an, díẹ̀ ni ó mọ̀ ọ́n.

Ladi Kwali ni orúkọ rẹ̀. Ní nǹkan bí 1925 ni a bí i ní Kwali, láàárín àwọn Gbagyi tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Gwari. Ní èwe ni ó ti kọ́ ìkòkò mímọ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ kan nínú ẹbí. Ìkòkò a dúró lójú kan, amọ̀kòkò a sì máa yí i ká, a máa fi ọwọ́ fa amọ̀ sókè títí ara ìkòkò yóò fi pé. Lẹ́yìn náà, a fín aláǹgbá, ejò àti àkekèé sí i lára. Ní ìta gbangba ni wọ́n ti ń fi igi àti koríko sun ún. Irú iná bẹ́ẹ̀ kì í dí ara amọ̀ pátápátá; omi a máa gba ihò tíntìntín yọ bí òógùn, afẹ́fẹ́ a gbẹ ẹ́, èyí tí ó kù nínú a sì tutù. Ìdí nìyí tí omi àmù àwọn ìyá wa fi ń tutù kí firíìjì tó dé.

Ní 1950, Michael Cardew, amọ̀kòkò ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí ìkòkò Ladi Kwali ní ààfin Ẹ́míà Abújá àtijọ́, ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí. Ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìkòkò mímọ sílẹ̀ níbẹ̀, ní 1954 ni Ladi Kwali sì wọlé, òun ni obìnrin àkọ́kọ́. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ iṣẹ́ kẹ̀kẹ́, lórí èyí tí ìkòkò ń yí tí amọ̀kòkò sì jókòó. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni ó ti mọ iná iléru, tí ooru rẹ̀ ń sún mọ́ 1,300 lórí ìwọ̀n Celsius. Síbẹ̀ ọwọ́ ni ó ṣì fi ń mọ àwọn ìkòkò ńlá rẹ̀. A wá ń fi èròjà tí ń yọ́ di dígí kùn wọ́n, a sì ń sun wọ́n nínú iléru. Ní 1958 a pàtẹ wọn ní London. Ní 1977 Yunifásítì Ahmadu Bello fi oyè ọ̀mọ̀wé dá a lọ́lá.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ohun kan. Ìkòkò tí dígí bò kì í làágùn mọ́. Omi inú rẹ̀ kì í sì í tutù bíi ti àmù. Ó le, ó dán, kì í jò, ṣùgbọ́n ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ kì í wá a. Ṣé iná ni ó jẹ̀bi? Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná. Àmù wà fún mímu; èkejì ń pa ọgbọ́n ìran kan mọ́, ó sì ń fi í han ayé. Èyí pẹ̀lú jẹ́ iṣẹ́. Ẹni tí ó bá ń retí omi tútù láti inú èkejì ni ó ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ẹ̀kọ́ ìwé pẹ̀lú jẹ́ iná. Ní Agbowó, níwájú yunifásítì tí a dá sílẹ̀ ní 1948, ọ̀pọ̀ ọmọ ni ń bẹ tí òbí wọn ti làágùn kí wọ́n tó lè wọ iléru náà. Bí wọ́n bá jáde tí wọ́n le tí wọ́n sì dán, ṣùgbọ́n tí ohunkóhun kò ti ara wọn yọ sí aládùúgbò, ta ni a ó bi léèrè? Ìkòkò kò lè yan iná tí a ó fi sun ún, kò sì lè padà di amọ̀. Ènìyàn lè yàn. Obìnrin yìí kọ́ kẹ̀kẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbàgbé yíyí ìkòkò ká. Nítorí náà, kí olùkọ́ tó dá iná, kí ó kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé: ta ni yóò mu nínú ìkòkò yìí?