Kí A Tó Sọ Pé Àmúwá Ọlọ́run Ni

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù Kẹwàá ọdún 2006, òjò ṣú dùdù lórí pápákọ̀ òfurufú Àbújá, ìjì sì ti ń jà. Bàálù Boeing 737 kan ti iléeṣẹ́ ADC wà nílẹ̀ níbẹ̀, tó fẹ́ gbéra lọ sí Ṣókótó pẹ̀lú èèyàn 105 nínú. Awakọ̀ rẹ̀ kò dúró kí ìjì náà rọlẹ̀. Ó gbéra, kò sì tíì rìn jìnnà tó fi já sínú oko àgbàdo. Èèyàn 96 ló kú. Sultan Ṣókótó, Muhammadu Maccido, olórí àwọn Mùsùlùmí Nàìjíríà, wà lára wọn. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ sẹ́nétọ̀ bá a lọ.

Nílẹ̀ Yorùbá, bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ kì í pẹ́ délẹ̀. Ààfáà á ní kàdárà ni. Pásítọ̀ á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Àgbàlagbà ilé á mirí, á ní ohun tí olóògbé kúnlẹ̀ yàn ni. Ọ̀rọ̀ ìtùnú ni gbogbo rẹ̀, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni já a gbà lẹ́nu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ tí a fi ń nu omijé ọlọ́fọ̀ nù ni àwọn kan tún fi ń bo ìwádìí mọ́lẹ̀.

Èdè Yorùbá fúnra rẹ̀ kò ka gbogbo ikú sí ọ̀kan náà. Bí a ṣe ní àmúwá Ọlọ́run la ní àfọwọ́fà, ohun tí èèyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà wá sórí ara rẹ̀ tàbí sórí ẹlòmíì. Ìwádìí ìjọba lórí bàálù Àbújá yẹn kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́: awakọ̀ mọ̀ pé ojú ọjọ́ kò dára, ó sì yàn láti gbéra. Irú ìjì bẹ́ẹ̀ máa ń da atẹ́gùn sílẹ̀ láti inú òjò bí ẹni da garawa omi sílẹ̀: á balẹ̀ gbàà, á sì tàn káàkiri. Bàálù tó bá wọ inú rẹ̀ á kọ́kọ́ pàdé atẹ́gùn níwájú, èyí á sì gbé e sókè. Kí awakọ̀ tó mọ̀, atẹ́gùn ti yí padà di ti ẹ̀yìn, agbára tó gbé ìyẹ́ bàálù dúró á sì dín kù lójijì. Tó bá ti wà lókè réré, àyè ṣì wà láti tún un ṣe. Tó bá wà nítòsí ilẹ̀, kò sí àyè kankan.

Ìjì wá láti ọ̀run, ìyẹn kò ní àríyànjiyàn nínú. Ta ló wá ni ikú tó tẹ̀lé e?

Kò tíì pé ọdún kan ṣáájú ìgbà yẹn, lọ́jọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2005, tí bàálù Sosoliso tó gbéra ní Àbújá fẹ́ balẹ̀ sí Port Harcourt nínú ìjì. Nínú èèyàn 110, ẹni méjì péré ló yè é. Akẹ́kọ̀ọ́ Loyola Jesuit College ni 60 nínú àwọn tó kú, wọ́n ń lọ ṣe Kérésì nílé. Pásítọ̀ Bimbo Odukoya, tí àwọn tọkọtaya mọ̀ dáadáa lórí tẹlifíṣọ̀n, kú nínú rẹ̀. Àwọn olùwádìí rí i pé awakọ̀ ṣì ń sọ̀kalẹ̀ nígbà tó ti kọjá ibi tó yẹ kó ti gòkè padà, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì fojú rí ọ̀nà tí bàálù ń bà lé. Wọ́n tún rí nǹkan méjì mìíràn: iná pápákọ̀ náà kò tàn, bàálù sì lọ kọlu kọnkéré gọ́tà kan tó yọ síta, ibẹ̀ ló ti fọ́ tó sì gbiná. Ta ló fi gọ́tà síbẹ̀? Iṣẹ́ ta ni láti tan iná? Bí ìyá tó pàdánù ọmọ lọ́jọ́ náà bá ní àmúwá Ọlọ́run ni, ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀. Bí ẹni tí iṣẹ́ iná wà lọ́wọ́ rẹ̀ bá sọ gbólóhùn kan náà, ńṣe ló ń sá fún ìbéèrè.

Àwọn kan á dáhùn pé etí awakọ̀ tí kò gbọ́ ìkìlọ̀, Ọlọ́run ló dí i. Èsì yìí ti pẹ́ láyé, àmọ́ kò sí agbo ilé tó ń gbà á lẹ́nu dírẹ́bà tó mutí yó tó fi mọ́tò pa ọmọ wọn. Nínú ìtàn Ifá, wọ́n á dífá fún ẹnì kan, wọ́n á kìlọ̀ fún un, wọ́n á ní kó rúbọ. Bóyá ó gbọ́ tàbí kò gbọ́ ni ìyókù ìtàn dúró lé lórí. Bó bá jẹ́ pé àyànmọ́ ti ti gbogbo ilẹ̀kùn pa, kí ni wọ́n tún ń dífá fún? Àwọn Mùsùlùmí náà ní ìtàn ọkùnrin tó bi Ànábì bóyá kí òun tú ràkúnmí òun sílẹ̀, kí òun gbára lé Ọlọ́run. Ànábì ní kó so ó mọ́lẹ̀ ná, kó wá gbára lé E.

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ bàálù jù lọ wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì, orí 27. Pọ́ọ̀lù, ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n ń mú lọ sí Róòmù, kìlọ̀ ní Kírétè pé àkókò ìrìn àjò orí òkun ti kọjá, pé àdánù ń bẹ níwájú. Balógun ọ̀rún tó ń ṣọ́ ọ gba ọ̀rọ̀ atukọ̀ àti ẹni tó ni ọkọ̀ gbọ́ ju tirẹ̀ lọ. Ìjì gbá wọn kiri di ọjọ́ kẹrìnlá, ọkọ̀ sì fọ́ sí etí òkun Málítà. Gbogbo èèyàn 276 tó wà nínú rẹ̀ ló yè é, ìwé náà sì fi yé wa pé Ọlọ́run ló dá ẹ̀mí wọn sí. Síbẹ̀ Pọ́ọ̀lù kò fi àánú Ọlọ́run bo àṣìṣe èèyàn. Nínú ìjì yẹn gan-an ló ti rán wọn létí pé ó yẹ kí wọ́n ti gbọ́ tòun.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ìkìlọ̀ ṣe ń kú sójú ọ̀nà, kó wo Havana ní Cuba. Lọ́dún 1870 ni àlùfáà Jesuit kan, Benito Viñes, dé ìlú náà, tí wọ́n sì fi í ṣe olórí ibi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ojú ọ̀run ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Belén. Viñes ń wọn atẹ́gùn lójoojúmọ́, ó sì ń wo àwọsánmà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà lókè pátápátá, títí ó fi yé e pé bí wọ́n ṣe tò lè fi ibi tí ìjì ńlá wà hàn án kí ìjì náà tó dé. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1875 ló gbé ìkìlọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Iṣẹ́ yìí àti iṣẹ́ àlùfáà kò bá ara wọn jà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó kú lọ́dún 1893, àwọn arọ́pò rẹ̀ ní Belén sì ń bá iṣẹ́ lọ. Nígbà tó fi máa di 1900, Amẹ́ríkà ló ń ṣàkóso Cuba. Àjọ ojú ọjọ́ Amẹ́ríkà, tí Willis Moore jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ ní Washington, fojú tín-ín-rín àwọn ará Cuba, wọ́n sì dínà mọ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń fi tẹligíráàmù rán nípa ìjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, ìjì ńlá kan kọjá lórí Cuba. Àwọn ará Havana rí i pé ó ń forí lé ìhà Texas. Washington ní Florida ló máa yà sí. Lọ́jọ́ 8, òkun gun orí Galveston, ìlú kan tó wà lórí erékùṣù ní Texas. Àwọn tó kú lé ní 6,000. Ọ̀pọ̀ òpìtàn ní wọ́n tó 8,000. Afárá wó, wáyà já, ìlú náà kò sì lè ké sí ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ ojú omi ni àwọn kan wọ̀ dé òdìkejì kí wọ́n tó lè fi tẹligíráàmù ránṣẹ́ láti Houston pé Galveston ti run.

Wáyà méjì ló já nínú ìtàn yìí. Ìjì ló já èyí tó kẹ́yìn. Ìgbéraga ló já ti àkọ́kọ́, àìmọye èèyàn ló sì sùn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú láìmọ ohun tó ń bọ̀.

Àwọn mìíràn wà tí wọn kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán síbi àmúwá Ọlọ́run. Lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹfà ọdún 1975, bàálù Eastern 66 já nínú ìjì bó ṣe fẹ́ balẹ̀ ní New York, èèyàn 113 sì kú. Tetsuya Fujita, ọmọ ilẹ̀ Japan, ló sọ pé irú atẹ́gùn tó ń ya lulẹ̀ bí omi garawa yẹn ló fà á. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò kọ́kọ́ gbà á gbọ́. Kò dákẹ́, ó ń wá a kiri títí ráda fi gbé e jáde kedere. Lónìí, ẹ̀rọ wà ní àwọn pápákọ̀ ńlá àti nínú bàálù tó máa ń kígbe fún awakọ̀ bí irú atẹ́gùn náà bá ń bọ̀. Ẹni tó bá ní Ọlọ́run ló gbọ́ àdúrà àwọn èrò ọkọ̀ kò purọ́. Ẹ̀rọ yẹn wà lára èsì àdúrà náà.

Ọyẹ́ ń padà wá ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Láti oṣù Kọkànlá ni afẹ́fẹ́ aṣálẹ̀ Sàhárà ti ń ru ekuru wá, á bo Kánò, á bo Àbújá, nígbà mìíràn á bo Èkó, débi pé awakọ̀ kò ní rí iwájú. Òfin ní kí wọ́n dúró, wọ́n á sì dúró. Pápákọ̀ á kún fún èrò ọdún. Ẹnì kan ń fi fóònù pe ilé ìyàwó, ẹnì kan ń bú òṣìṣẹ́ tó wà lórí káńtà, ẹnì kan ń gbàdúrà kíkankíkan pé kí ojú ọ̀run là kí bàálù lè gbéra. Ìbínú wọn yéni. Òkú wà tí wọ́n fẹ́ lọ sin, ìgbéyàwó wà tí kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Bó bá di ọjọ́ ẹ̀rí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹni tí bàálù tó já fi sílẹ̀ á jáde wá síwájú, ìjọ á sì pariwo Halelúyà. Ti bàálù tí kò gbéra rárá, tí gbogbo èrò inú rẹ̀ délé lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú àti oúnjẹ tó ti tutù, kò sí ẹni tó ń jáde wá jẹ́rìí rẹ̀.