Ìwà Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́

Àwọn baba wa a máa wí pé, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ titun wọ́. Bí ọjà ni ilé-ẹ̀kọ́ rí. Ọ̀gá àgbà sì ni àgbà inú rẹ̀. Ìwọ òǹkàwé, jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ kan wò: irú ìwà wo ni ó yẹ kí ọ̀gá ní, kí iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó lè yọrí sí rere?

Àwọn aṣáájú wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Ní ọdún 1896 ni ẹgbẹ́ C.M.S. gbé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, tí a wá mọ̀ sí St. Andrew's, láti Èkó wá sí Ọ̀yọ́. Kò pẹ́ púpọ̀ tí àwọn Onítẹ̀bọmi náà fi dá tiwọn sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ìlú méjèèjì, olùkọ́ àti oníwàásù ni a ń kọ́ pọ̀, nítorí a gbà pé ẹni tí yóò kọ́ ọmọ ní ìwé gbọ́dọ̀ jẹ́ àwòkọ́ṣe.

Ìwúlò èyí hàn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí wọn kò tó 500,000 ní ọdún tí ó ṣáájú, lé ní 800,000. A ní láti gba ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí kò tíì kọ́ iṣẹ́ náà. Ní irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀, ọ̀gá ni yóò kọ́ olùkọ́, kí olùkọ́ tó kọ́ ọmọ. Nípa bẹ́ẹ̀ a rí i pé ọwọ́ olùkọ́ ni ìwà ọ̀gá ń gbà dé ọ̀dọ̀ ọmọ.

Fi ojú inú wo ọ̀gá méjì. Èkíní jẹ́ onínúfùfù. Olùkọ́ tí ìṣirò kan kò bá yé kò jẹ́ sọ fún un. Ohun tí kò yé e náà ni yóò fi kọ́ ọmọ. Èkejì kì í gba ìgbàkugbà, ó sì máa ń dé kí agogo tó lù. Ṣùgbọ́n bí olùkọ́ kan bá kùnà, a jókòó tì í ní ìrọ̀lẹ́, a sì fi ọ̀nà hàn án. Bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra.

Ìwọ lè wí pé àwọn ọmọ ọ̀gá èkíní náà a máa yege. Òótọ́ ni, ìbẹ̀rù a máa mú ẹsẹ̀ yá. Ṣùgbọ́n níbi tí a bá ti ń fi èsì ìdánwò halẹ̀ mọ́ olùkọ́, kì í pẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ yóò fi máa mú ìdáhùn wọ inú gbọ̀ngàn ìdánwò fún àwọn ọmọ. Máàkì yóò pọ̀, ìmọ̀ kò ní sí níbẹ̀. Ọmọ ni a sì jà lólè.

N kò wí pé kí ọ̀gá rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù. Ọ̀gá tí kò lè bá olùkọ́ tí ń pẹ́ẹ́ dé wí ń ṣàánú olùkọ́, ó sì ń fìyà jẹ ọmọ. N kò sì wí pé ìwà ọ̀gá nìkan ni ó ń tún ilé-ẹ̀kọ́ ṣe: níbi tí òrùlé ti ń jò, tí ìwé kò sí, tí òbí ń mú ọmọ lọ sí oko ní ọjọ́ ẹ̀kọ́, ọ̀gá rere pàápàá yóò làágùn.

Bí o bá fẹ́ mọ ọ̀gá rere, lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ tí kò sí níbẹ̀. Bí ológbò bá kúrò nílé, ilé a di ilé èkúté. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí níbi tí ìbẹ̀rù nìkan ti jọba. Ṣùgbọ́n níbi tí ìwà rere ti jọba, agogo yóò lù lásìkò, olùkọ́ yóò sì wọ kíláàsì láìsí ẹni tí ń ṣọ́ ọ. Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, bóyá olórí kíláàsì ni ọ́ lónìí. Nígbà tí o bá jáde síta, báwo ni kíláàsì rẹ ti ń rí?