Ojú Géèjì Kò Dé Inú Sìlíńdà

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. N kò sì mọ iṣẹ́ tí òwe yìí bá mu tó ti àwọn ọmọkùnrin tí a ń rí lópin ọ̀sẹ̀ ní Òkè Àrin, ní Ìdúmọ̀tà àti káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń yí sìlíńdà gáàsì gba àárín páálí ọtí kọjá lọ sí gbọ̀ngàn ìnáwó, kí ọkọ àti ìyàwó lè jó lórí ìkùukùu bí ẹni tí ń rìn lójú sánmà. Èkó akéte, ilé ọgbọ́n, Èkó àromisá lẹ̀gbẹ́lẹ̀gbẹ́, ti fẹ́ràn ìran wíwò tipẹ́: ní Gbọ̀ngàn Glover ni a ti fi sinimá han ará ìlú ní oṣù kẹjọ ọdún 1903, níbẹ̀ náà ni òṣèré nnì, Hubert Ogunde, sì ti gbé eré ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run jáde ní 1944. Bí Édẹ́nì bá tún padà sórí pèpéle lónìí, ẹ̀rọ ni yóò ṣe ìkùukùu rẹ̀, gáàsì ni yóò sì ṣe èémí fún ẹ̀rọ náà.

Ohun tí a ń pè ní èéfín yìí kì í ṣe èéfín rárá. Òróró ni gáàsì ń tì gba inú irin gbígbóná kọjá, tí ó ń di oru, tí oru náà ń bọ́ sínú afẹ́fẹ́ tútù, tí ó sì ń di ìrì wínníwínní, gan-an bí èémí ẹnu wa ṣe ń funfun láàárọ̀ ọyẹ́. Nítorí náà, gáàsì tí yóò bá òróró wọ inú irin gbígbóná gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí kò bá iná ṣọ̀rẹ́: náítírójìn tàbí kábọ́ọ̀nù dàìọ́kísáìdì (CO2), èyí tí ìwé ẹ̀rọ náà bá dárúkọ. Ẹni tí ó bá so ọ́síjìn mọ́ ọn ti gbé ẹ̀tù sábẹ́ aṣọ ìyàwó. Afẹ́fẹ́ lásán pàápàá, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ ọ́síjìn, òróró gbígbóná kò sì béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó gbiná. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó: lọ́jà ni kí a ti ka orúkọ tí ó wà lọ́rùn sìlíńdà, kí a má gba ọ̀dà ara rẹ̀ gbọ́, nítorí ọ̀dà ń ṣí, a sì ń tún un kùn.

Náítírójìn kì í purọ́ nípa iye tí ó kù. Bí géèjì tí ń ka agbára gáàsì bá sọ 200 báà lówùúrọ̀, tí ó wá sọ 100 lálẹ́, ìdajì ni ó kù. Ṣùgbọ́n ti CO2, ojú la rí, ọ̀rẹ́ ò dénú. Omi ni ó jẹ́ nínú sìlíńdà. Bí a ti ń fa oru orí rẹ̀ ni omi ìsàlẹ̀ ń di oru mìíràn, nítorí náà géèjì yóò dúró sí nǹkan bí 68 báà nígbà tí ara sìlíńdà bá wà ní ìwọ̀n 28 ti Celsius, ìbáà kún, ìbáà ku ẹ̀kún ṣíbí kan. Mo wà níbi ìgbéyàwó kan tí géèjì fi hàn pé gáàsì ń bẹ, tí onílù ti sán, tí ìyàwó ti gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, tí ẹ̀rọ sì wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó dákẹ́. Ìyá ìyàwó ní ọwọ́ ayé ni. Kì í ṣe ọwọ́ ayé, Ìyá wa. Òṣùwọ̀n ni wọn kò lò. Bí wọ́n bá lu 40 kílò sí ọrùn sìlíńdà gẹ́gẹ́ bí ìwúwo òfìfo rẹ̀, tí òṣùwọ̀n wá sọ 48, kílò mẹ́jọ ni gáàsì tí ó kù, géèjì ìbáà wí ohun tí ó wù ú.

Kí a má sì gbé sìlíńdà CO2 sínú oòrùn. Bí ó bá gbóná ju ìwọ̀n 31 lọ, omi inú rẹ̀ kò jẹ́ omi mọ́, agbára rẹ̀ yóò sì máa gòkè. Òòró ni kí ó dúró, kí a fi ṣéènì dè é mọ́ ògiri, nítorí bí a bá dá a dùbúlẹ̀, omi ni yóò wọ inú rẹ́gúlétọ̀, irin ẹnu sìlíńdà tí ń dín agbára gáàsì kù. Bí a bá sì fà á láfàjù, yìnyín yóò bo rẹ́gúlétọ̀ náà. Ìsinmi ni oògùn rẹ̀, tàbí sìlíńdà kejì, kì í ṣe iná.

Níbi rẹ́gúlétọ̀ gan-an ni ẹ̀sọ̀ ti pọn dandan. Rẹ́gúlétọ̀ CO2 kì í ṣe ti náítírójìn. Ẹni tí ó bá ń fi sípánà fipá mú un wọlé ń wá ohun tí kò sọnù. Kí a tú ìdè àárín rẹ̀ títí yóò fi fúyẹ́ lọ́wọ́, kí a dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí a ṣí ẹnu sìlíńdà díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn náà kí a máa yí ìdè wọlé títí agbára yóò fi dé iye tí ìwé ẹ̀rọ sọ. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, òróró yóò sáré kọjá kí irin tó sọ ọ́ di oru, yóò máa tutọ́ sílẹ̀, bàtà gogoro yóò sì yọ̀. Omi ọṣẹ ni a fi ń wá ibi tí ó ń jò.

Ohun tí ń bà mí lẹ́rù jù kò hàn sójú, kò sì rùn símú. CO2 fi ìdajì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ni ó ń wọ́ sí, níbi tí àwọn ọmọdé ń jó. Náítírójìn pẹ̀lú ń lé afẹ́fẹ́ rere jáde nínú yàrá tí kò ní fèrèsé. Kí a ṣí fèrèsé, bí a tilẹ̀ fẹ́ kí ìkùukùu pẹ́.

Nígbà tí ìnáwó bá tán, tí àwọn alásè ń kó ìkòkò, kí a pa ẹnu sìlíńdà, kí gáàsì tí ó kù nínú rọ́bà jáde títí géèjì méjèèjì orí rẹ́gúlétọ̀ yóò fi wálẹ̀ sí òdo, kí a gbé sìlíńdà nìkan sórí òṣùwọ̀n, kí a sì fi ẹfun kọ iye kílò sí i lára fún ẹni tí yóò gbé e lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀.